Orógbó korò, kí ló wá dé inú àwo ìkómọ?

Bí ẹ bá ti lọ síbi ìkómọ rí, ẹ ó ti rí àwo yẹn: omi, iyọ̀, oyin, epo pupa, atare, obì, orógbó. Àgbà tó ń sọmọ lórúkọ á mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá kan oyin, á ní, "Oyin rèé o. Oyin kì í korò. Ayé ọmọ yìí ò ní korò, á dùn ni." Gbogbo ilé á ṣe àmín. Bó bá kan orógbó, á ní, "Orógbó rèé o. Ọmọ yìí á gbó, á tọ́, á rí ọmọ ọmọ." Àmín tún ni. Wọ́n á wá gbé e yíká kí oníkálùkù gé díẹ̀ jẹ, ojú àwọn mìíràn á sì fún pọ̀ bí wọ́n ṣe ń rún un lẹ́nu, nítorí orógbó korò.

Ẹ dúró níbẹ̀ ná. Kò tíì pẹ́ tí a ní ayé ọmọ yìí ò ní korò. Kí ló dé tí a tún ń fi ohun kíkorò wúre fún un?

Oyin àti orógbó kò ṣe iṣẹ́ kan náà nínú àwo yẹn ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu kan náà ló ń fi wọ́n súre. Adùn oyin ló gbé oyin débẹ̀. Orógbó ní tiẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló gbé e débẹ̀. "Gbó" wà nínú "orógbó", ó parí. Orúkọ ló gbé obì náà débẹ̀: "Obì á bi ikú, á bi àrùn, á bi òfò dànù." ("Bì" ni ọ̀rọ̀ ìṣe yẹn, bí ìgbà tí a bá ti nǹkan sẹ́yìn, ohùn rẹ̀ ló gòkè díẹ̀ nígbà tó kan "ikú".) Ti atare tún yàtọ̀: ẹ bó èèpo rẹ̀, kí ẹ wo bí ọmọ ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀, ẹ ó mọ àdúrà tí wọ́n ń fi í gbà.

Nínú àwo kan ṣoṣo yìí ni ohun tó máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú nípa ọnà èdè, ìyẹn ọgbọ́n tí a fi ń mú kí ọ̀rọ̀ lágbára, wà. A máa ń sáré béèrè orúkọ: ṣé àfiwé nìyí ni, àbí ìfọ̀rọ̀dárà? Ó sàn ká kọ́kọ́ béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń rí agbára. Ṣé nínú ìtumọ̀ ni, bíi ti oyin? Ṣé nínú ìró ni, bíi ti orógbó? Àbí nínú bí a ṣe to ọ̀rọ̀ tẹ̀lé ara wọn? Bí a bá ti mọ ibẹ̀, orúkọ kò ní ṣòro.

Ọnà ni mo kọ o, n kò kọ ọ̀nà. Ohun tí agbẹ́gilére ń gbẹ́ sára òpó, tí ẹni tó ń fín igbá ń fín sára igbá, òun ni ọnà. Ẹni tó ń ṣe é la ń pè ní oníṣọ̀nà. Àwọn tó fún ọnà èdè lórúkọ yìí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, àmọ́ àfiwé wọn kò pé tán lójú tèmi. Bí o bá ha ọnà kúrò lára igbá, igbá á ṣì gba omi. Bí o bá yọ "gbó" kúrò nínú àdúrà orógbó, kí ló kù níbẹ̀?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ló gbé iṣẹ́ àṣetiléwá wá bá mi lọ́jọ́ kan. Ó ń múra ìdánwò WAEC. Gbólóhùn mẹ́wàá ni wọ́n fún un pé kó dárúkọ ọnà èdè tó wà nínú wọn. Ó ti há gbogbo orúkọ sórí: àfiwé tààrà, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, ìfohunpènìyàn, ìfọ̀rọ̀dárà, àwítúnwí, àsọdùn, ẹ̀dà-ọ̀rọ̀. Bí ẹni ń ka ABD ló ń kà wọ́n. Èyí tí yóò fi síbo ni kò mọ̀.

"Wọ́n ní tí mo bá ti rí 'bí', àfiwé tààrà ni," ó ní.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bùrọ̀dá, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì."

Mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọ gbólóhùn mẹ́rin sílẹ̀. Ó ga bí ọ̀pẹ. Ó ga bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí ó bá ga, orí rẹ̀ á kan àjà. Mo rí bí ó ṣe ga. "Bí" wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àmọ́ ọ̀kan péré ni àfiwé tí à ń wí. Ẹ̀kẹta ń sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀, ẹ̀kẹrin ń sọ ohun tí mo fojú rí. Èkejì ló máa ń tan ènìyàn jẹ: ó kúkú fi ẹnì kan wé ẹnì kan. Ṣùgbọ́n wíwọ̀n lásán nìyẹn. Ẹ pe ọmọ náà, ẹ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ mú téèpù wá, ẹ ó mọ̀ bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́. Ẹni tó ní ọmọ kan ga bí ọ̀pẹ kò ránni lọ gbé téèpù. Ènìyàn àti ọ̀pẹ kò bá ara wọn tan níbì kankan. Asọ̀rọ̀ ló fà wọ́n pọ̀ nítorí ìwà kan ṣoṣo, ó mú gíga, ó fi imọ̀ àti ẹyìn sílẹ̀. Àfiwé tààrà nìyẹn. "Bí" kàn jẹ́ okùn tó so wọ́n pọ̀ ni, okùn mìíràn sì wà: "dà bí", "jọ", "àfi bí", "ju... lọ".

Nítorí náà, ohun tí mo máa ń wò lára àfiwé ni nǹkan tí wọ́n mú wá fi wé nǹkan. "Dúdú bí kóró iṣin" àti "dúdú bí ìdí ìkòkò", dúdú ni wọ́n ń wí níbi méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí iṣin tó là lórí igi rí, tí èèpo rẹ̀ pọ́n, tí kóró rẹ̀ yọ jáde tó ń dán gbinrin bí ẹni fi epo ra á, yóò mọ̀ pé oríyìn ni wọ́n fún ẹni tí wọ́n fi wé e. Ìdí ìkòkò dúdú tòun ti èédú. Èébú ni. Olùkọ́ tó bá kàn gba "àfiwé tààrà" wọlé fún méjèèjì, tí kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ, orúkọ ló ń kọ́ ọmọ yẹn.

Ẹ wá já okùn náà sọnù. Ẹ má sọ pé ohun kan dà bí òmíràn mọ́, ẹ sọ pé òun gan-an ni. Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ rèé. "Ìyá ni wúrà, baba ni jígí." Kò sí "bí" níbẹ̀. Ọ̀nà tí a fi ń dá a mọ̀ kò le: bí a bá gbé ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wà, irọ́ ni, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ń bínú sí irọ́ náà. Bí ẹ bá dúró níwájú àgò ní ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, tí ẹ nàka pé "kìnnìún nìyẹn", ẹ ò tíì ṣe ọnà kankan. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan náà nípa ọkùnrin tó ń bọ̀ lójú títì, ọnà ti wọ̀ ọ́.

Agbára tí àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ fi ju tààrà lọ ni pé ó lè máa rìn lọ. Orin yẹn kò dúró síbi wúrà àti jígí. Ó ní lọ́jọ́ ìyá bá kú ni wúrà bàjẹ́, lọ́jọ́ baba bá kú ni jígí wọmi. Ẹ wò ó: nígbà tí orin fi dé ìlà kejì, a ti gbà pé jígí ni baba, nítorí náà ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí jígí ló ṣẹlẹ̀ sí i. Kò sí ẹni tó tún ń béèrè pé báwo ni baba ṣe di jígí. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọn ò ní dárúkọ ẹni tí wọ́n ń fi nǹkan wé rárá. "Erin wó" ni wọ́n á sọ, gbogbo ìlú á sì ti mọ̀ pé ènìyàn ńlá kan ti lọ.

Àsọdùn kò ní gbà wá lákòókò. "Mo ti pè ọ́ nígbà ẹgbẹ̀rún lónìí", "omijé rẹ̀ kún garawa": gbogbo wa ń ṣe é látàárọ̀ dalẹ́. Ohun tó yẹ ká mọ̀ ni pé ó lè bá ọnà mìíràn gbé inú gbólóhùn kan. "Ohùn rẹ̀ dùn ju oyin lọ" jẹ́ àfiwé, ó tún jẹ́ àsọdùn. Ọmọ tó kọ ọ̀kan nínú méjèèjì, tó sì sọ ìdí rẹ̀, kò yẹ kí wọ́n fa igi pupa sí i.

Ìgbà tí a dé gbólóhùn keje ni inú bí mi sí ìwé náà. "Ebi ń pa mí" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo ṣí ẹ̀yìn ìwé níbi tí ìdáhùn wà: wọ́n ní ìfohunpènìyàn ni. Àlàyé wọn ni pé ebi kì í ṣe ènìyàn, kò lè pa ènìyàn, nítorí náà wọ́n ti sọ ọ́ di ènìyàn.

Rárá o. Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Ebi ń pa mí. Òùngbẹ ń gbẹ mí. Oorun ń kùn mí. Òtútù ń mú mi. Ojú ń tì mí. Inú ń bí mi. Ẹ̀rù ń bà mí. Ọmọ ọdún mẹ́ta ń sọ wọ́n. Nínú èdè Yorùbá, nǹkan wọ̀nyí ló ń ṣe ènìyàn, ènìyàn kọ́ ló ń ṣe wọ́n. Bí ebi bá ń pa mí tí mo fẹ́ sọ ọ́, báwo ni kí n tún ti sọ ọ́? Ibi tí asọ̀rọ̀ kò ti ní ohun tí yóò mú àti ohun tí yóò fi sílẹ̀, n kò rí ọnà níbẹ̀, gírámà ni mo rí. Ẹni tó fín igbá ló yàn láti fín in; kò sí ẹni tó ń yin igbá pé ó rí roboto.

Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé lè jí ọ̀rọ̀ tó ti sùn. Bí ó bá kọ ọ́ pé: "Ebi kanlẹ̀kùn, kò dúró kí a dá a lóhùn. Ó wọlé, ó fa àpótí, ó bá wa jókòó ti àwo òfìfo, ó ń wo ojú àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan." Ìfohunpènìyàn rèé! Ebi ti lọ́wọ́, ó ti lẹ́sẹ̀, ó ti lójú, ìwà ìkà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Èyí ni mo ní kí ọmọ náà kọ sí ìwé rẹ̀, n kò sì mọ bí olùkọ́ rẹ̀ ṣe máa gbà á.

Ọ̀ràn ikú ló le jù nínú ẹ̀ka yìí. Nínú ẹsẹ̀ Ifá, Ikú ń gbé kùmọ̀ kiri, ó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, òun ló ṣáájú àwọn Ajogun, ìyẹn àwọn agbára tó ń bá ènìyàn jà, Àrùn àti Òfò wà lẹ́yìn rẹ̀. Lójú akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ ìdánwò, ìfohunpènìyàn ni. Lójú babaláwo tó ń kì í, ẹni tó wà ni Ikú, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni sọ di ènìyàn níbẹ̀. Ẹ rántí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ kí ẹ tó lẹ orúkọ mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí orógbó wàyí, nítorí ìró ni oko tí Yorùbá ti lówó jù, òun náà sì ni oko tí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ń yára kọjá. Ohùn mẹ́ta la ní, òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, ìyípadà ohùn kan sì tó láti sọ ọ̀rọ̀ di òmíràn. Igbá la fi ń bu omi, ìgbà ń lọ, igba jẹ́ ọgọ́rùn-ún méjì, igbà ni wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ. Irú èdè báyìí, kò sí bí àwọn tó ń sọ ọ́ kò ṣe ní fi ohùn ṣeré.

Eré lásán wà níbẹ̀. Gbogbo wa la ti kọ́ èyí lọ́mọdé: "Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ ni kò mọ̀ pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ló ní ọpọlọ lọ́pọ̀lọpọ̀." Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kíákíá kí ahọ́n yín má kọ́. Ó dùn létí, ó ń pa ni lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò kọ́ wa ní nǹkan kan nípa ọ̀pọ̀lọ́.

Ẹ wá fi í ti "Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́", ọ̀rọ̀ tí ewì J. F. Ọdúnjọ mú kí gbogbo ọmọ ilé-ìwé mọ̀ lórí. Iṣẹ́ àti ìṣẹ́: lẹ́tà kan náà, ohùn kan péré ló yàtọ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Àrùn àti oògùn rẹ̀ jọ ara wọn tó bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé inú èdè fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti bí wọn ní ìbejì. Ìró kò ṣeré lásán níbí, òun ló ń ro ẹjọ́ náà. Bí ẹ bá fi "òṣì" rọ́pò "ìṣẹ́", ìtumọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà á kú síbẹ̀. Ohun tí à ń pè ní ìfọ̀rọ̀dárà gan-an nìyí: ọ̀rọ̀ méjì tí ìró wọn jọ, tí asọ̀rọ̀ wá jẹ́ kí jíjọ yẹn dá ìtumọ̀ sílẹ̀. Òun náà ló wà nídìí ọ̀pọ̀ ọfọ̀: ewé gbégbé ni wọ́n ń lò bí wọ́n bá fẹ́ kí ire bá wọn gbé, tẹ̀tẹ̀ sì ni bí wọ́n bá fẹ́ tẹ nǹkan mọ́lẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlátúndé Ọlátúnjí, tó tẹ ìwé jáde ní 1984 lórí àbùdá ewì alohùn Yorùbá, fi àyè sílẹ̀ dáadáa fún irú eré ọ̀rọ̀ báyìí àti bí akéwì ṣe ń fi ohùn kan tako òmíràn.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ àmì ohùn ti kàn mí lára. Ẹ kọ ọ́ sí WhatsApp bí a ṣe sábà ń kọ ọ́: "Ise loogun ise". Kí lẹ kà? Iṣẹ́ loògùn iṣẹ́? Ìṣẹ́ loògùn iṣẹ́? Ọnà tó wà níbẹ̀ ti pòórá. Bẹ́ẹ̀ àyàn tó ń lu dùndún, tí kò ní kọ́ńsónáǹtì kankan lọ́wọ́, ohùn nìkan ló ń lù, yóò lu iṣẹ́ yàtọ̀ sí ìṣẹ́ láìṣì í. Awọ ewúrẹ́ ń ṣe ohun tí fóònù wa kì í ṣe. (Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ pé fóònù lè ṣe é. Àwa ni a kì í tẹ̀ ẹ́.)

Ẹ̀yà kan tún wà nínú ti ìró, tí orúkọ rẹ̀ kò dọ́gba láti ìwé dé ìwé: àwọn ọ̀rọ̀ tí ìró wọn gan-an ń ya àwòrán. Ó ṣubú gbì. Ó ṣubú yakata. Omi ń kán tó, tó, tó. Aṣọ náà pupa fòò, ilé náà ga fíofío, omi náà tutù nini. "Gbì" àti "yakata" kì í ṣe ìṣubú kan náà: ẹni tó ṣubú gbì, ẹ gbọ́ ọ, ẹni tó ṣubú yakata, ẹ rí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohùn náà tún ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nǹkan tó rí kíríbítí kéré, ẹ lè fi ọwọ́ kan gbé e. Ẹ fa gbogbo ohùn rẹ̀ wá sílẹ̀, kìrìbìtì, ó ti di nǹkan ńlá tó wúwo. Ẹ ò yí lẹ́tà kankan padà. Ẹni tó ń kọ ìtàn ní Yorùbá tí kò lo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, tó wá ń to ọ̀rọ̀ àpèjúwe mẹ́ta-mẹ́ta sẹ́yìn ọ̀rọ̀ orúkọ, lójú mi, ó fi iṣu sílẹ̀, ó ń jẹ èèpo.

Ti ìtò ọ̀rọ̀ kò pẹ́. Ẹ wo "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè." Pẹpẹ ga, ẹnu kèrègbè sì kéré. Gbólóhùn náà pín sí méjì, èkejì wọ bàtà èkíní: ọmọdé bá àgbàlagbà dọ́gba, "ò tó" bá "ò wọ" dọ́gba, pẹpẹ bá kèrègbè dọ́gba. Kò sọ fún wa pé kí tọmọdé tàgbà ran ara wọn lọ́wọ́. Ìtò yẹn ló sọ ọ́, nítorí pé bí a ti rí àìtó ẹ̀gbẹ́ kan tí a tún rí àìtó ẹ̀gbẹ́ kejì, a ti so wọ́n pọ̀ fúnra wa. Àwítúnwí náà, ibí ló wà. Èyí tó jẹ́ ọnà àti èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ àsọjù máa ń rú àwọn ènìyàn lójú. Ohun tí mo ń béèrè ni pé: nígbà tí ọ̀rọ̀ padà wá lẹ́ẹ̀kejì, kí ló mú bọ̀? Bí ẹni tó ń sunkún bá ní "Ó lọ. Ó lọ. Ó lọ ní tòótọ́", ìlọ kẹta kì í ṣe ìlọ àkọ́kọ́. Bí alága ìpàdé bá sì fi wákàtí kan sọ ohun kan náà, ẹ̀yin náà mọ̀.

Ó ku àwọn tó ń fi ara pamọ́. Àdàpè ni kí a fi ọ̀rọ̀ mìíràn bo ọ̀rọ̀ tó le mọ́lẹ̀. Ìyá tó ní ọmọ òun kì í jalè, pé ó kàn ń fẹ́wọ́ ni, àdàpè ló ṣe. Ọba kì í kú, ó wàjà ni. Aláboyún fẹ́ra kù. "Gbọnsẹ̀" alára, àdàpè ni níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, gbígbọn ẹsẹ̀ ni; a lò ó títí ó fi di ọ̀rọ̀ gan-an, kò bo nǹkan kan mọ́. Àmọ́ ẹ má rò pé ìtìjú tàbí ọ̀wọ̀ nìkan ló ń fa àdàpè. Àrùn ṣànpọ̀nná, ilẹ̀ gbígbóná ni àwọn baba wa ń pè é, wọ́n ń pe òrìṣà rẹ̀ ní Olóde, nítorí ẹ̀rù pé ẹni tó bá pè é lórúkọ ti pè é wá sílé. Ní 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo ayé. Títí di òní, àgbàlagbà kan wà tí ẹ ò lè mú kó dá orúkọ yẹn pè lọ́sàn-án gangan.

Ẹ̀dà-ọ̀rọ̀ ní tiẹ̀ ń sọ ohun kan, ó ń gbèrò òdìkejì. "Ẹ kú iṣẹ́ o!" tí wọ́n kí ọmọ tó sùn di agogo méjìlá ọ̀sán. Ojú, ohùn àti ìgbà ni a fi ń mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tó fi ṣòro nínú ìwé: òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọmọ náà hàn wá lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi béèrè nípa òwe àti àkànlò èdè kó tó lọ, nítorí àwọn náà máa ń pọ̀ mọ́ra wọn. Mo ní kó fi "fàáké kọ́rí" sẹ́nu, kó yí i. Mo fàáké kọ́rí. Wọ́n á fàáké kọ́rí. Má fàáké kọ́rí mọ́. Ó ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, bíi ọ̀rọ̀ ìṣe yòówù. Ṣùgbọ́n kó gbìyànjú kó fi àdá rọ́pò àáké. Ó rẹ́rìn-ín. Àkànlò èdè nìyẹn: ó ń bá ẹni tó ń ṣe é àti ìgbà lọ, ṣùgbọ́n a kì í tú inú rẹ̀. Òwe ti dúró lórí ara rẹ̀, ó ti sọ tirẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ wa ni a ń gbé lọ bá a.

"Bùrọ̀dá, àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọn ò bá wá rí orógbó rà ńkọ́?"

Ìbéèrè yẹn dára ju mẹ́wẹ̀ẹ̀wá inú ìwé lọ. Oyin kò ní ìṣòro. Bí kò bá sí oyin, ṣúgà wà, ìrèké wà, ohunkóhun tó bá sáà ti dùn. Ohun tí ìtumọ̀ gbé débẹ̀, ohun mìíràn tó ní ìtumọ̀ kan náà lè gba ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́ fi rọ́pò orógbó? Ẹ lè rí èso tó korò jù ú lọ, kò ní "gbó" nínú. Ẹ lè túmọ̀ àdúrà oyin sí èdè Gẹ̀ẹ́sì kí àna yín òyìnbó sì ṣe àmín sí i tọkàntọkàn. Ẹ túmọ̀ ti orógbó, ó di pé ẹ ń fi nǹkan kíkorò kan tọrọ ẹ̀mí gígùn láìsí ìdí.

Wọ́n ti bá ìṣòro yìí pàdé rí, tipẹ́tipẹ́, ní ibi tó jìnnà ju Lọ́ńdọ̀nù lọ. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà kò rọ́nà rí obì bí wọ́n ṣe ń rí i nílé, bẹ́ẹ̀ wọ́n ní láti bá òrìṣà sọ̀rọ̀. Àgbọn ló pọ̀ níbẹ̀. Àgbọn ni wọ́n mú. Di òní olónìí, awẹ́ àgbọn mẹ́rin ni àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà ní Kúbà ń dà sílẹ̀ láti béèrè ọ̀rọ̀, bí ó ti dojú dé àti bí ó ti ṣíjú ni wọ́n ń kà. Èso náà ti yí padà pátápátá, àwọ̀ rẹ̀, adùn rẹ̀, igi tó so ó. Obí ni wọ́n ń pè é.